Ọjọ́ Tí Wọ́n Pín Owó Àjẹṣẹ́kù ní Taradale

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ pín ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó ẹgbẹ́, Adébísí wọn ife ìrẹsì méjìlá sínú ìkòkò. Ó dúró díẹ̀, ó tún fi méjì sí i. Ọkọ rẹ̀, Ọládàpọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wò ó.

"Ife mẹ́rìnlá," ó ní. "Bísí, ta ló máa jẹ ẹ́ tán?"

"Àwọn tí ẹ pè."

"Èmi kọ́ ni mo pè wọ́n. Wọ́n bi mí bóyá ilé wa máa gbà wá ni."

"Kí lẹ wá sọ?"

Ohun tí Dàpọ̀ ti sọ fún wọn ni pé kò sí wàhálà. Ọgọ́fà dọ́là ni gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń lò ní àdúgbò Whitehorn ń gbà fún ọ̀sán kan, ẹgbẹ́ kò sì ní ọgọ́fà dọ́là tí wọ́n lè ná sórí àga àti iná mọ́. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Adégbóyèga, akápò ẹgbẹ́, pe Dàpọ̀ lórí fóònù, ó kọ́kọ́ bi í léèrè àlàáfíà, ó bi í léèrè ọmọ, ó bi í bóyá ó ti ríṣẹ́ mìíràn, ó wá bi í bóyá pálọ̀ rẹ̀ ní Taradale lè gba èèyàn ogún. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, Dàpọ̀ kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ pé rárá.

Alájẹṣẹ́kù Ìrẹ̀pọ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ogójì ìdílé ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, awakọ̀ tírélà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Oṣooṣù ni wọ́n ń dá owó, wọ́n sì ń yá ara wọn láti ra mọ́tò, láti san owó PR, ìwé ìgbélùú, láti fi dí owó ilé. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó yáwó, wọn kò sì rí i san. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún 2015 wọlé, wọ́n ti àpótí owó pa. Wọ́n wá akáǹtáǹtì kan ní downtown, àárín ìgboro, òyìnbó obìnrin tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kó bá wọn ṣírò ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn. Ẹni tó bá ti sọ fún akápò kí oṣù Kejìlá tó wọlé pé òun fẹ́ gba owó òun, kí wọ́n san tirẹ̀ fún un pátápátá. Kí àwọn yòókù pín ìyókù.

Adébísí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé irinwó dọ́là níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi kó o jọ, nínú owó tó ń gbà ní ilé àwọn arúgbó, níbi tó ti ń wẹ̀ wọ́n, tó ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí wọn. Owó ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ti gbà á wọlé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí aago mẹ́rin ọ̀sán Mọ́ńdè tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ààyè náà fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà náà wà lára fíríìjì. Láti oṣù Kọkànlá ló ti ní kí Dàpọ̀ lọ bá òun sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ìlú kan náà ni Dàpọ̀ àti Ẹ̀gbọ́n, kò sì dáa kí ìyàwó máa lọ béèrè owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Dàpọ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Mo ti débẹ̀."

Nítorí náà ọkàn Adébísí balẹ̀. Àánú àwọn tó máa pàdánù ló ń ṣe é.

"Ẹran ńkọ́?" Dàpọ̀ béèrè. "Ṣé méjì-méjì lo fẹ́ bù fún wọn?"

"Méjì-méjì ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun dáadáa. Ohun tí àwọn míì máa gbà lónìí ò ní tó ra adìẹ."

"Bísí."

"Ẹ bá mi gbé ìkòkò yìí ná."

Ó bá a gbé e. Ó gbé e ka iná, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tún ní, "Bísí."

"Kí ló dé?"

"Kò sí. Mo fẹ́ lọ kó snow iwájú ilé."

"Ṣebí ẹ ti kó o láàárọ̀."

"Ó kù díẹ̀."

Kò kù. Dóyin, ọmọbìnrin wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yọjú lójú fèrèsé, ó wo bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Mummy," ó ní, "Daddy is shovelling the grass."

"Fi Daddy rẹ sílẹ̀. Lọ sọ fún Uncle Akeem kí wọ́n bá wa gbé àga wá."

Akeem ló háyà basement ilé wọn. Wẹ́dà ni, ní Fort McMurray níbi tí wọ́n ti ń wa epo, kí wọ́n tó dá gbogbo wọn padà sílé. Owó ilé oṣù méjì wà lọ́rùn rẹ̀. Dàpọ̀ ló yẹ kó bi í. Dàpọ̀ kò tíì bi í. Akeem gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú àga mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì.

"Mummy Dóyin, ẹ kú iṣẹ́ o. Òórùn ọbẹ̀ yìí ti wá jí mi ní ìsàlẹ̀."

"Akeem, o ò sí nínú ẹgbẹ́ wa. Kí lo fẹ́ wá jẹ?"

"Ẹ wò ó ma, nígbà tí wọ́n ní kí n wá join, I no get money. Now, dem wey get money no get money. We don dey equal." Ó gbé àga sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bá wọn jókòó, kí n fi ojú mi rí i."

Adébísí rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì ń hó.

Nígbà tó di aago mọ́kànlá, Serifat ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, ó gbé mọ́ínmọ́ín sínú kúlà. Serifat kì í bọ́ kóòtù tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ìròyìn.

"Báńkì ti wá wọ́ mọ́tò Julius lọ. Níwájú ilé, lójú àwọn ọmọ."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Èyí dúdú. Èyí funfun, ó ti ta ìyẹn. Ìyàwó Oyèwálé náà ní ọkọ òun wà lẹ́nu contract. Contract wo? Mo rí i ní ìta ṣọ́ọ̀bù lánàá, ó ń to kẹ̀kẹ́ ọjà. Ó rí mi, ó yíjú sápá kan. Mo kọjá. Kí ni kí n ṣe? Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ni."

Serifat mú ṣíbí, ó yí ìrẹsì wò. "Tìẹ ńkọ́? Orúkọ rẹ wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n máa san owó wọn pé?"

"Daddy Dóyin ti lọ bá Ẹ̀gbọ́n láti November."

"O rí orúkọ náà fúnra rẹ?"

"Serifat, ọkọ mi lọ, mo wí fún ọ."

Serifat dé ìkòkò. Ó wá bọ́ kóòtù rẹ̀ tán.

Aago kan ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ilé. Ìyá Dóyin, ilé yín mà gbóná o. Dóyin to bàtà wọn sí ẹnu ọ̀nà, méjì-méjì, títí bàtà fi kún ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n Adégbóyèga ló dé kẹ́yìn. Ó ti rù. Wọ́n dìde fún un lórí sófà, ó kọ̀, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga basement, ó sì gbé fáìlì lé orúnkún rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò jí kọ́bọ̀. Gbogbo wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n lè bú.

Bàbá kan gbàdúrà ní orúkọ Jésù fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Àfáà kan gbàdúrà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí èyí tó dárúkọ owó nínú àwọn méjèèjì.

Mọ́nsúrátù, akọ̀wé ẹgbẹ́, ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni, báńkì kan ló ń bá ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ sì máa ń dúró sójú kan bó bá ń ka nǹkan. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ dọ́là ni owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì ló wà nílẹ̀. Ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn tó yá a, àwọn wọ̀nyẹn sì mọ ara wọn. Àwọn mẹ́ta nínú wọn wà nínú pálọ̀ náà. Wọ́n wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Àwọn tó ti sọ fún akápò kí ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá tó pé, tí a máa san owó wọn pé," Mọ́nsúrátù ní. "Serifat. Adéfẹ́mi. Mardiyah. Olúmáyọ̀wá. Suliat."

Adébísí dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń retí ìkẹfà.

"Àpapọ̀ tiwọn jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Àwọn yòókù á gba sẹ́ńtì méjìdínlógún lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan."

"Ó ku ẹnì kan," Adébísí ní.

"Àwọn márùn-ún ni, ma."

"Wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ orúkọ Daddy Dóyin ni wọ́n fi kọ ọ́. November ni."

Mọ́nsúrátù wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ṣí fáìlì rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ewé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Dàpọ̀ wá sílé mi ní November," ó ní. "Ọjọ́ Sátidé ni. Iyán la jẹ. Ó tó wákàtí méjì tó lò. A sọ̀rọ̀ ilé, a sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe nílùú wa, ìyàwó mi sì di iṣu fún un nígbà tó ń lọ." Ó gbójú sókè. "Dàpọ̀, àbí o sọ ọ́ tí mi ò gbọ́? Àgbà ti ń dé sí mi. Bí o bá sọ pé o sọ ọ́, màá kọ ọ́ síbí báyìí, a ó sì san án. Ṣé o sọ ọ́?"

Gbogbo pálọ̀ yíjú sí Dàpọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ó sì ti lọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Serifat ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ bá a la ẹnu rẹ̀.

"Mi ò sọ ọ́, sà," Dàpọ̀ ní.

"Kí ló dé?"

"Ẹ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé, èyí tó burú nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó tó ẹni mẹ́wàá nínú wọn tó ti dé ilé Ẹ̀gbọ́n nínú oṣù Kọkànlá yẹn, tí wọ́n sì jẹ iyán.

Adébísí wọ àárín pálọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ẹ̀gbọ́n, ṣíbí náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi fúnra mi ni mò ń sọ ọ́ báyìí. Mo fẹ́ gba owó mi."

"Ìyàwó wa, dìde nílẹ̀."

"Owó ilé ẹ̀kọ́ ni, sà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n dá fún mi."

"Dìde ná." Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kì í ṣe ọwọ́ èmi nìkan ló wà mọ́. Mọ́nsúrátù, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá san án?"

Mọ́nsúrátù tẹ kọ̀ǹpútà. "Ti àwọn yòókù á wálẹ̀ sí sẹ́ńtì mẹ́rìnlá, sà."

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tó wí. Akáǹtáǹtì ní bí gbogbo wa bá fọwọ́ sí i, a lè ṣe é. Kí ni ká ṣe?"

Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n má san án. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n san án. Obìnrin kan ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè wúkọ́. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó kùn títí, ó dákẹ́. Adébísí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá Dóyin," ẹnì kan ní láti ẹ̀yìn sófà, "àfi bí ẹni pé ìrẹsì tí ẹ tún gbé kaná yẹn fẹ́ máa jó."

Serifat ló dìde lọ pa iná. Adébísí dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ó bu oúnjẹ.

Ẹran méjì-méjì, bó ṣe wí. Ó bù ú fún àwọn márùn-ún tí owó wọn pé, ó bù ú fún àwọn tó gba sẹ́ńtì méjìdínlógún, ó bù ú fún àwọn mẹ́ta tó jẹ gbèsè. Ó bu ti Dàpọ̀ sínú àwo tó máa ń fi jẹun, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì bu omi tì í. Ì bá tẹ́ Dàpọ̀ lọ́rùn kó má bù ú. Ẹ̀gbọ́n Adégbóyèga ní òun ń gbààwẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè irú ààwẹ̀ wo ni.

Nínú kíṣìnì, Serifat ń fọ àwo tí kò tíì dọ̀tí.

"Èmi ò wọlé," ó ní. Kò wo ojú Adébísí. "Lọ́jọ́ tí mo lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà snow mi lẹ́sẹ̀. Ìyàwó wọn ní, 'Wọlé, wọlé, òtútù ń wọlé.' Mo ní rárá, ma, owó mi ni mo wá gbà. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè bọ́ bàtà yẹn pẹ́nrẹ́n, màá jókòó. Bí mo bá jókòó, màá jẹun."

"Wọ́n bínú?"

"Hẹn! Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó wọn ò gbé fóònù mi." Ó pa omi. "Ó yẹ kí n mú ẹ dání."

Adébísí ń nu orí tábìlì.

"Mo lè yá ẹ ní ẹgbẹ̀rún kan," Serifat ní. "Ìyókù, owó ilé ti gbà á kó tó dé ọwọ́ mi."

"O ṣeun. Fi owó rẹ pamọ́."

Adébísí ti ṣe ìṣirò náà tán. Ohun tó kàn án kò ju ẹgbẹ̀rún kan ó lé méjìléláàádọ́jọ dọ́là lọ. Bó bá gba ti Serifat kún un, kò tíì tó ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Káàdì báńkì méjèèjì ti kún láti oṣù Kẹwàá. Àwọn tó sì lè bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun, inú pálọ̀ ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń jẹ ìrẹsì.

Wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n gba ṣẹ́ẹ̀kì. Nígbà tó di aago mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn. Ẹ ṣeun o, oúnjẹ yìí mà dùn. Ọlọ́run á pèsè. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Adégbóyèga dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Adébísí, ó fa fìlà rẹ̀ bo etí, ó sì bọ́ sí ìta.

Akeem bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga padà. Ó dé ọ̀dọ̀ Dàpọ̀, ó dúró.

"Daddy Dóyin, ẹ má bínú sí mi o, owó ilé yẹn..."

"Kò sí wàhálà," Dàpọ̀ ní.

"Wàhálà wà," Adébísí ní láti kíṣìnì. "Akeem, ìgbà wo lo máa san án?"

Àga méjì ṣì wà lọ́wọ́ Akeem. "Friday, ma."

"Friday wo?"

"Friday tó ń bọ̀ yìí. Ó kéré tán, ti oṣù kan."

"Ó dáa. O ṣeun tí o gbé àga."

Akeem sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń rọra to àga, bí ẹni pé ọmọ kan ń sùn nínú ilé.

Dàpọ̀ jókòó sórí sófà. "Mo fẹ́ sọ ọ́," ó ní. "Bísí, mo ti la ẹnu. Ìyàwó wọn wá gbé ọbẹ̀ dé."

"Ẹ padà dé, ẹ ní ẹ ti débẹ̀."

"Mo débẹ̀."

"Ẹ débẹ̀ lóòótọ́."

"Mo rò pé màá ti ríṣẹ́ kó tó di January. Mo ní màá fi owó oṣù àkọ́kọ́ dí i, o ò tiẹ̀ ní mọ̀."

Adébísí ń kó àwo jọ. Ó kó àwo wọ kíṣìnì, ó padà wá kó ife. Dàpọ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó dìde láti ràn án lọ́wọ́, ó mú ife kan, kò mọ ibi tó máa gbé e sí, ó gbé e padà.

"Oṣù méjì," Adébísí ní. "Mò ń ka ìwé anatomy lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń bá mi tan iná."

Dàpọ̀ jókòó padà.

Adébísí já lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ náà kúrò lára fíríìjì, ó gbé e síwájú Dóyin lórí tábìlì ìjẹun, ó ní kó ṣí fọ́ọ̀mù wọn lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà náà wí pé kí ẹni tí kò bá ní lè wá jẹ́ kí àwọn tètè mọ̀, kí ẹni tó tẹ̀ lé e lè múra sílẹ̀.

"Ó ṣì ku ọjọ́ méjì," Dàpọ̀ ní.

"Ẹni tó tẹ̀ lé mi náà ní ọmọ tó fẹ́ wá ibi fún ní daycare."

Dóyin kọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Ó ń pe lẹ́tà orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé orúkọ ìyá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Mummy, it says reason for declining. There's a star. You have to put something."

"Kọ 'financial reasons'," Dàpọ̀ ní láti orí sófà.

"Rárá," Adébísí ní. "Owó wà."

"Bísí, jọ̀ọ́. Ọmọ ni."

"Owó wà nílẹ̀. Àwọn márùn-ún gbà á." Ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. "Dóyin, kọ ọ́ pé a ò béèrè."

"Ask for what?"

Dóyin wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ: *We did not ask.* Ó tẹ bọ́tìnì. Ojú ewé náà yí fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbà á.